Ìràwọ̀ Méjì fún Ọmọ Irin

Dagenham Village,
London.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo kí ọ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ kí o kà á ní àsìkò tí n kò kí ọ sí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé mi gba ojú òfuurufú kọjá òkun tí ẹ̀rù kò pa mí, òun náà ni yóò máa mú ọ lọ mú ọ bọ̀ ní Èkó. O kò ní jáde nílé kí a máa wá ọ. Àmín.

Ara tèmi le. Òtútù ibí yìí nìkan ni kì í jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì wà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wò ó, mo máa ń rí i pé ó wà, mo sì ń dúpẹ́.

Má bínú pé n kò pè ọ́. Fóònù Fèyí, ìyàwó àbúrò rẹ, ni mo fẹ́ fi pè ọ́, àmọ́ níjọ́ tí Fèyí ń pe àwọn oníná, mo gbọ́ tí obìnrin kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Fèyí sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé obìnrin náà ní àwọn lè gba ohùn ẹni tó bá pè sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni, n kò sì fẹ́ kí obìnrin yẹn ní in nípamọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Sístà Monísọ́lá tí a jọ ń lọ sí ìjọ Aláàdúrà níbí ló ń bá mi mú un bọ̀, torí ó ń bọ̀ wá sìnkú bàbá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Fún un lóúnjẹ kí o tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà dà bíi pé ìwé nìkan lo fẹ́ rí.

Village ni wọ́n ń pe àdúgbò tí Olúbọ̀dé àbúrò rẹ ń gbé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo ní bó bá jẹ́ abúlé ni, kò ní ṣòro fún mi. Mo bi í ní ọ̀nà ilé Baálẹ̀ kí n lọ kí i bí àlejò ti í ṣe, ó ní kò sí Baálẹ̀. Mo bi í léèrè oko, ó ní kò sí oko. Ilé bíríkì ni wọ́n tò lọ rẹrẹ, ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ ti èkejì, mo wá rí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan àti itẹ́ òkú tó yí i ká. Mo ní kò burú, mo kí àwọn òkú náà, kí wọ́n má baà ní obìnrin kan ti Ìjẹ̀bú wá sáàárín ìlú kò kí ẹnikẹ́ni.

Moṣọpẹ́, bọ́ọ̀sì ni Fèyí ìyàwó wa ń wà. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì, tí èèyàn máa ń jókòó lórí èèyàn. Òun nìkan ló ń darí rẹ̀, kó sì tó délé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti le gan-an bíi pákó. Ọdún méjì ló ti ń fi bọ́ọ̀sì yẹn bọ́ ilé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí ìgbà tí Olúbọ̀dé sọ fún wa pé òun ti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun Jonah fẹ́ máa ṣe róbọ́ọ̀tì. Róbó ni etí mi gbọ́. Mo ní ọmọ mi ti gbọ́n, ta ni kì í jẹ róbó, mo sì rò ó pé bí àwọn òyìnbó bá fi lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi di ẹ̀gúsí tó tó yẹn sínú ẹrù mi nìyẹn, tí ìwọ ń bá mi wí ní pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí mo dé, mo gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń dín in. Olúbọ̀dé wò mí, ó wo ẹ̀gúsí, ó gbá mi mọ́ra, kò tètè fi mí sílẹ̀.

Róbọ́ọ̀tì ni. Ọmọ irin ni, inú géèmù ló ń gbé. Irú géèmù tí ẹ máa ń gbá níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹ máa ń jà sí i pé ta ló kàn. Olúbọ̀dé ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni, torí àwọn tó gbá a lọ́mọdé ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ń wá a. Ara ọmọ irin náà rí bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ to àwòrán. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń sá lọ ṣáá. Kòtò á wà níwájú, á fò ó; ọ̀tá á yọ, á fi apá rẹ̀ yìnbọn fún un. Mo bi Olúbọ̀dé pé kí ló ń wá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní ẹni tó dá a ló ń wá. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa gbé e jáde fún gbogbo ayé, Fèyí ṣe kéèkì, Jonah sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá láti Chadwell Heath. Òyìnbó ni Jonah, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ káàárọ̀ ló sì máa ń kí mi nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ alẹ́, torí ìyẹn nìkan ni Olúbọ̀dé kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn ń retí èèyàn. Èmi náà jókòó, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Àṣé inú kọ̀ǹpútà làwọn èèyàn náà ń gbà wọlé, tí wọ́n ń kọ èrò ọkàn wọn síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ojú àbúrò rẹ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣú. Fèyí ka díẹ̀ fún mi. Ẹnìkan ní ọmọ irin náà ń fò bí ẹni tó ru kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń retí rẹ̀, òun ì bá sì má tíì rí i, kí òun ṣì máa retí lọ. Ohun tí gbogbo wọn ń tẹnu mọ́ ni pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pé kó fò, á kọ́kọ́ rò ó wò, kó sì tó rò ó tán, ó ti já sí kòtò. Mo ní bóyá ó ń ṣọ́ra ni.

Ibẹ̀ ni Jonah ti ní ṣé òun kò wí, òun ní kí àwọn ní sùúrù kí àwọn tún ìfò yẹn ṣe kí àwọn tó gbé e jáde. Olúbọ̀dé ní ta ni yóò máa bọ́ àwọn títí sùúrù yóò fi tán, ṣé ẹ̀yìn ìyàwó òun náà ni? Jonah ní òun náà ní ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ tí Fèyí kọ̀ láti túmọ̀ fún mi. Jonah di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú àpò, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tẹrí ba fún mi, ó ní ẹ káàárọ̀, ó lọ. Odidi kéèkì la gbé sínú fíríìjì.

Wàyí o, tẹ́tí sí mi, kí o má sì rẹ́rìn-ín jù. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, mo gbọ́ tí Fèyí ń sọ fún ẹnìkan lórí fóònù pé wọ́n ti fún géèmù náà ní ìràwọ̀ méjì. Ìràwọ̀! Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní àwọn tó ń bú ọmọ yìí ti ronú pìwà dà. Jésù Olúwa wa gan-an, ìràwọ̀ kan ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n bí i, òun nìkan ló tó láti mú àwọn amòye láti ìlà oòrùn wá. Ọmọ tèmi gba méjì. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo ti ń ronú ìdúpẹ́.

Ilé tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀ ni ìjọ wa ń lò, nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò ṣì gbilẹ̀ ní Dagenham. Bí o bá dọ̀bálẹ̀ dáadáa, o ṣì máa gbóòórùn rọ́bà. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní kí ẹni tó ní ìdúpẹ́ jáde. Mo jáde nínú sùtánà mi, mo fa Olúbọ̀dé lọ́wọ́, òun náà ń fà mí sẹ́yìn, mo rò pé ìtìjú ọmọkùnrin ni. Mo ní kí ìjọ bá mi gbé Olúwa ga, pé ọmọ mi dá ọmọ irin kan, gbogbo ayé wá wò ó, wọ́n sì fún un ní ìràwọ̀ méjì. Ìjọ hó. Wọ́n gbé orin, Monísọ́lá fi àbẹ́là jó yí wa ká. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká wọn ń gbọ̀n, mo ní Ẹ̀mí ti bà lé wọn. Wòlíì wá gbàdúrà pé ìràwọ̀ méjèèjì kò ní dín. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Nínú mọ́tò, mo ń kọ orin ìdúpẹ́ náà lọ títí a fi dé Heathway. Àfi bí Fèyí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín tán, omi ò tán. Ó pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó rọra ní màámi, márùn-ún ló pé. Mo ní márùn-ún kí ni? Ó ní ìràwọ̀. Ó ní méjì nínú márùn-ún ni wọ́n fún wọn. Mo wo ẹ̀yìn orí àbúrò rẹ níwájú níbẹ̀, kò yíjú padà. Ó kàn ní kò burú, màámi, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ohùn tó fi sọ ọ́ ló dùn mí ju bí ì bá ṣe pariwo mọ́ mi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Olúbọ̀dé kò jẹun gidi mọ́. Mo fi ẹ̀gúsí ọ̀hún se ọbẹ̀ fún un, ó fọwọ́ kan ọbẹ̀, ó ní òun ti yó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é, gbogbo wọn ní ó dára, àwọn gbádùn ẹ̀, á ní ẹ ṣeun, á gbé fóònù sílẹ̀, á kọjú sí ògiri. Òun àti Fèyí ò sì jà, ì bá sàn kí wọ́n jà. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lára ara wọn nínú ilé kékeré yẹn, bí ẹni pé wọ́n jọ háyà rẹ̀ ni.

Mo ní èmi kọ́ ni mo máa jókòó máa wo èyí. Mo se mọ́ínmọ́ín, mo bi Fèyí pé bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sí Chadwell Heath, ó ní tòun náà ń dé ibẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, ó ní ó ti ń wu òun láti lọ, àmọ́ bí òun bá rí Jonah, igbe lòun máa ké. Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì ìyàwó mi nìyẹn. Káàdì ni wọ́n fi ń kan ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ náà á dáhùn, mo kí i padà. Mo jókòó nítòsí iwájú, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé ìyàwó ọmọ mi ló ń wà wá. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, obìnrin arúgbó kan tilẹ̀ fún mi ní súwíìtì.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan ni Jonah ń gbé, létí High Road. Ó ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Jonah pariwo, ó rò pé mo ṣubú ni, ó gbá mi mú lábẹ́ apá, ó ń wá fóònù láti pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó fẹ́ gbé mi dìde, a ń bá a fà á títí mo fi gbé mọ́ínmọ́ín lé e lọ́wọ́. Mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ fún un pé máì sọ̀n nó íìtì, yù kọ́ọ̀mù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù náà sì yí i sí Yorùbá fún mi. Ọmọbìnrin inú fóònù yẹn, ó dájú pé òyìnbó ló gbà á tọ́, torí kò sí ohùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ní "mo ń bẹ̀rù ilé rẹ." Ó tún ní "fífò jẹ́ ti èmi, èmi ni mo fò burúkú." Ó pẹ́ kó tó yé mi. Jonah gan-an ló ṣe ìfò ọmọ irin, Olúbọ̀dé ló ya àwòrán. Ìdí tó fi ń pariwo pé ṣé òun kò wí lọ́jọ́ náà nìyẹn, ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ ẹ́. Mo fi etí ìró mi nu omijé ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí n nù ún.

A jọ wọ bọ́ọ̀sì padà. Olúbọ̀dé ṣílẹ̀kùn, ó rí Jonah, ó dúró. Jonah ní òun ló ba ìfò náà jẹ́, fóònù rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Olúbọ̀dé ní òun ni kò jẹ́ kó rí àyè tún un ṣe. Jonah tún ní rárá o, òun ni. Mo ní kí wọ́n wọlé wá jà á nínú ilé, òtútù ń wọlé. Mo ní kí wọ́n ṣí nǹkan yẹn fún mi, kí n gbá a.

Wọ́n fi páàdì tí wọ́n fi ń darí ọmọ irin lé mi lọ́wọ́. Moṣọpẹ́, mo já sí kòtò. Mo dìde, mo tún já sí i. Ọmọ irin kan náà, kòtò kan náà, títí àtàǹpàkò mi fi ń ro mí. Mo bi Olúbọ̀dé pé ṣé kí n sọ òótọ́, ó ní kí n sọ ọ́. Mo ní kò dára. Mo ní mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró ń wo ojú mi, bí ìgbà tí mo bá ń pe Olúbọ̀dé ní kékeré tó ń ṣeré lójúde, tí á dáhùn pé òun ń bọ̀, tí kò sì ní wá. Mo ní ojú rẹ̀ wù mí, orin rẹ̀ dùn, àmọ́ iṣẹ́ yìí kò jinná, bí mo bá sì gbé ẹ̀wà tí kò jinná kalẹ̀, ṣé ẹ máa ní ó dùn ni?

Mo rò ó pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́. Olúbọ̀dé gbójú sókè, ó ní màámi, àwọn tó ń sọ pé kò dára kò mọ òun rí. Àwọn tó mọ òun ń sọ pé ó dára, òun sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní òun kò rí ibi tí òun máa gbé ojú sí. Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún òun tí mo sì tún jókòó ti òun. Ó wá gbé orí lé itan mi, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, ọkùnrin ńlá tó ti ń ní ewú. Jonah kọjú sí fèrèsé. Mo ń fọwọ́ pa Olúbọ̀dé lórí. Nígbà tó ṣe, ó bi mí pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yẹn, ṣé ó kù.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni Fèyí bá wọn. Ó dúró pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn, Olúbọ̀dé sì dìde fún un, ó ní kó má bínú. Fèyí ní géèmù kò bí òun nínú, ó ní òun mọ ohun tí òun ń ṣe nígbà tí òun gbà á láyè. Ó ní bó ṣe pa ẹnu mọ́ sí òun nínú ilé ni ó ń dun òun, pé òun á wa gbogbo ìlú kiri láti àárọ̀, òun á délé, kò ní sí ẹni tó máa bi òun pé báwo ni. Ó ní kó padà síbi iṣẹ́ oṣù, kí wọ́n sì máa fi Sátidé tún géèmù wọn ṣe nínú pálọ̀ níbí, níbi tí òun á ti máa gbọ́ ohùn wọn. Olúbọ̀dé ní òun gbọ́. Ó bi í pé báwo ni ọ̀nà lónìí. Fèyí jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì ròyìn ọ̀nà fún un láti ibùdókọ̀ kìíní dé èyí tó kẹ́yìn.

Olúbọ̀dé ti ríṣẹ́, ọ̀nà Stratford ló wà, àárọ̀ kùtù ló ń jáde. Wọ́n ti tún ìfò náà ṣe. Jonah ní àwọn fi páàṣì lẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì yé mi kíá, torí ohun tí fọgánáísà máa ń ṣe sí táyà tó bá jò náà ni. Àmọ́ nígbà tó ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé páàṣì náà lọ bá gbogbo ẹni tó ti rà á, ìyẹn kò yé mi mọ́, torí ní ti fọgánáísà, afẹ́fẹ́ ni páàṣì ń dá dúró. Mo ti fo kòtò kìíní. Ìràwọ̀ ṣì jẹ́ méjì, n kò ní purọ́ fún ọ, ọjà náà kò tà, kò sì jọ pé yóò tà. Mo lọ bá Wòlíì, mo ní kó dárí jì mí, pé márùn-ún ló pé. Wòlíì ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ìyá dúró níbi tó ti ń jó nítorí ọmọ rẹ̀?

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà ní London ni wọ́n ń sọ pé kó fowó ránṣẹ́ sí Èkó, àmọ́ tèmi yí padà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ rán Monísọ́lá bọ̀. Tìmùtìmù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ẹni tó ń jókòó lójoojúmọ́, mo fẹ́ rà á fún Fèyí, n kò sì fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Olúbọ̀dé, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ láti ilé wa ló ti wá. Fi gaàrí Ìjẹ̀bú sí i, èyí tó kan dáadáa. Sì pe àbúrò rẹ. Má bi í nípa géèmù o. Bi í pé kí ló jẹ.

Ọlọ́run yóò dá ọ lóhùn kí o tó pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò jinná. Ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ tí kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ kò ní wọ́n ọ. Ojú rẹ kò ní rí ibi lára àwọn ọmọ rẹ, wàá sì dàgbà débi tí ìwọ náà á máa wọ bọ́ọ̀sì tí ìyàwó ọmọ rẹ ń wà.

Mo fẹ́ dúró níbí. Sátidé ni òní, Jonah ti dé, Olúbọ̀dé sì wà ní kíṣíìnì, ó ń bẹ iṣu, ó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ kò dára rárá, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn, n kò ní sọ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
tó ń gbàdúrà pé kí o ti jẹun.